Ààrò halogen ń jó adìẹ mi lórí, inú ẹ̀ ò jinná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi fi ààrò halogen ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, abọ́ gíláàsì ńlá tí iná wà nínú ọmọrí ẹ̀. Mo fi yan adìẹ, òkè ẹ̀ dúdú, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà léegun. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?
Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá mà, adìẹ yín ló sún mọ́ iná jù. Gílóòbù òkè yẹn ló ń mú ooru wá, fáànù wá ń fẹ́ ẹ káàkiri, torí náà wáyà ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lé nínú abọ́ ẹ̀ ni kẹ́ẹ gbé e lé, kẹ́ẹ dojú àyà ẹ̀ délẹ̀ ná, kẹ́ẹ yí i tó bá dé ìlàjì, ooru 180°C ni kẹ́ẹ fi sí o, ẹ má sáré yí i dé 250. Ẹ gún itan ẹ̀ wò, tómi ẹ̀ bá ṣì pupa, ẹ dá a padà. Tó bá jẹ́ àgbébọ̀ Ọjà Ọba ni ṣá, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, ààrò kankan ò lè bá yín rọ ìyẹn. Ààrò halogen yìí máa ń jẹ iná tó 1300 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e.