Lẹ́tà tó ń pẹ́ kó tó jáde: ẹ wo nọ́ńbà kẹta kẹ́ ẹ tó ra RAM

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra RAM o. Ẹ ní lẹ́tà email tó ń jáde lórí Postfix yín (ètò tó ń gba lẹ́tà, tó sì ń fi í ránṣẹ́ lórí server) máa ń lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó kúrò nílẹ̀, pé èyí tó ń wọlé ò níṣòro, pé server fúnra ẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́ kankan tó lè mú kó rẹ̀ ẹ́. Àìsàn yìí ti ṣe mí rí. Mo ra RAM, láti 2GB sí 4GB. Kò yí nǹkan kan padà.

Ẹ ṣí /var/log/mail.log, ẹ wá ìlà lẹ́tà kan tó ti lọ. Ẹ óò rí nǹkan báyìí níbẹ̀:

delay=56, delays=0.08/0.01/55/1.1

Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níwájú delays yẹn, ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n, àwọn ló ń sọ ibi tí àsìkò wọlẹ̀ sí. Àkọ́kọ́ ni kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ qmgr tó ń tò wọ́n. Tó bá jẹ́ òun ló pọ̀, ẹ lọ bá milter yín, ìyẹn ètò tó ń yẹ lẹ́tà wò. Ìkejì ni àkókò tó fi wà lọ́wọ́ qmgr. Ìkẹta ni wíwá àdírẹ́sì nínú DNS (ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì), kíkàn sí server tó fẹ́ gba lẹ́tà, kí wọ́n kíra, kí TLS, tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ wọn, parí. Ìkẹrin ni fífi lẹ́tà gan-an ránṣẹ́. Tèmi, ìkẹta ni: 55 gbáko.

Server ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan n'Ìbàdàn ni mò ń bójú tó. Ìparí oṣù la máa ń fi ìṣirò owó ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó bá sì pẹ́ díẹ̀, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún: "Ṣé ẹ ti yọ orúkọ mi ni?" Lẹ́tà tó ń lọ sí Gmail ń gba ìṣẹ́jú àáyá 55, èyí tó ń lọ sí ilé-ìwé kékeré kan, 15. Mo bá gbà pé Gmail ló kórìíra mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tú SPF palẹ̀, mo tún DKIM ṣe, mo wo PTR títí ojú fi ń ro mí. Ẹ̀rí pé lẹ́tà wa kì í ṣe ayédèrú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Mo tẹ dig, àṣẹ tó ń bi DNS léèrè, èsì dé kíá. Mo ní kì í ṣe DNS nìyẹn.

DNS ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tan tcpdump -n port 53, tó ń fi ìbéèrè DNS tó ń kọjá hàn, mo wá fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Gmail ara mi. Ìbéèrè jáde lọ sí àdírẹ́sì kan tí mo ti gbàgbé. Ó dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, ìbéèrè kan náà tún jáde sí àdírẹ́sì kejì, ìdáhùn dé lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e tún kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ òkú yẹn lọ. 5 mìíràn.

Ìgbà yẹn ni ìṣirò tó yé mi. Gmail ní MX márùn-ún, ìyẹn orúkọ àwọn server tó ń gba lẹ́tà rẹ̀. Postfix á béèrè MX lẹ́ẹ̀kan, á wá béèrè A àti AAAA (àdírẹ́sì irú àtijọ́, IPv4, àti irú tuntun, IPv6) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: 11 ni gbogbo ẹ̀. 11 lọ́nà 5, 55. Ilé-ìwé yẹn ní MX kan ṣoṣo: ìbéèrè 3, 15.

Kí ló dé tí dig ò fi rí òkú yẹn? Àwọn tó yá mi ní server ti kọ̀wé tipẹ́ pé DNS àwọn ń yí àdírẹ́sì padà, mo sì ti tún /etc/resolv.conf, fáìlì tó ń sọ DNS tí server á lò, kọ. Ṣùgbọ́n inú chroot, yàrá àdádó tí kì í jẹ́ kó rí fáìlì tó wà níta, ni Postfix ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux Debian mi, ẹ̀dà tiẹ̀ ló ń kà: /var/spool/postfix/etc/resolv.conf. Ìgbà tí Postfix bá ń gbéra ni wọ́n ń da ẹ̀dà yẹn kọ tuntun. Èmi ò restart ẹ̀ (kí n pa á, kí n tún tan án) láti oṣù mélòó kan, reload (kó kàn tún ètò rẹ̀ kà) ni mò ń ṣe, mo tún ń yangàn pé server mi kì í kú.

Ẹ tẹ diff /etc/resolv.conf /var/spool/postfix/etc/resolv.conf. Tí ìyàtọ̀ bá wà, systemctl restart postfix, ó parí. Tí kò bá sí, ẹ wò ó bóyá ìkẹta yín ń sún mọ́ 30, tí "Connection timed out" sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì IPv6. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni Postfix máa ń dúró kó tó sú u. Ẹ fi smtp_address_preference = ipv4 sínú main.cf, fáìlì ètò Postfix, kẹ́ ẹ dán an wò.

Ní ti lẹ́tà kan tẹ́ ẹ ní ó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kóòdù 451 wà nínú log ẹ̀, ó jọ pé greylisting nìyẹn. Àwọn tó ń gbà á ló ní kẹ́ ẹ padà wá. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tèmi, lẹ́yìn restart, 55 di 0.6. RAM 4GB yẹn ṣì wà níbẹ̀, mo ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù.