Ṣé 1,000,001 ṣeé pín dọ́gba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùkọ́. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà. Ọmọ mi fi 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 pín 1,000,001, ó ń ṣẹ́ kù ṣáá. Ó ní nọ́ńbà náà kò ṣeé pín dọ́gba rárá. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Elélùbọ́

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ọmọ yín gbìyànjú, inú mi sì dùn sí i, àmọ́ ó tètè dúró. Ó yẹ kó dán an wò títí dé nǹkan bí 1,000 kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kó fi 101 pín in: 9,901 ló máa rí, kò ní ṣẹ́ ku nǹkan kan.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ ka hóró àgbàdo 10,000 ní 101, 101: ìdì 99 ni, ó ku ẹyọ kan. Mílíọ̀nù kan jẹ́ 10,000 lọ́nà 100, nítorí náà 100 ló máa ṣẹ́ kù. Ẹyọ kan tó lé lórí mílíọ̀nù náà ló sọ ọ́ di 101, ìyẹn ìdì kan géérégé! Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù; lálẹ́ àná tí iná lọ ní Mọ̀kọ́lá, mo tún un ṣe nídìí àtùpà.

Àwọn àgbà tó ń fi ọ̀kẹ́ ka owó ẹyọ, 20,000 nínú ọ̀kẹ́ kan, á pe 1,000,001 ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó lé ẹyọ kan.

Kí ọmọ náà wá gbìyànjú 9,901. Ìyẹn gan-an ni kò ṣeé pín, àfi kéèyàn fi 1 tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in.