Ẹ̀gbọ́n, ṣé yíǹkì dúdú yẹn tilẹ̀ ń dé orí pépà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ ní dúdú inú fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ tẹ̀ lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn ti ń pọ́n, ẹ wá ń bèèrè yíǹkì dúdú príńtà tí kò ní ṣá. Kí ẹ tó náwó, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Oníbàárà kan gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ tó dolóògbé padà wá. Fìlà dúdú orí bàbá ti di àwọ̀ obì gbígbẹ. Mo tú férémù: etí fọ́tò tí igi bò ṣì dúdú bíi kóró iṣin. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ló jẹ ìyókù. Ọ̀fẹ́ ni mo tún un tẹ̀.

Mo ra yíǹkì dúdú pigment. Èédú kíkúnná ló wà nínú ẹ̀, ọmọ ìyá dúdú ìdí ìkòkò, oòrùn kì í tètè rí i mú. Dye, irú yíǹkì kejì, ní tiẹ̀ ń yòrò sómi bí aró. Ìmọ́lẹ̀ àti gáàsì ozone inú afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́. Àfi bí fọ́tò tuntun náà ṣe tún pọ́n!

Mo yá awò tí oníṣẹ́ aago ìsọ̀ kejì fi ń wo inú aago, mo gbé e lé fìlà yẹn. Tótòtó búlúù, pupa àti yẹ́lò ni mo rí. Dúdú kankan ò sí níbẹ̀. Príńtà oníyíǹkì mẹ́rin tí mò ń lò, tí mo bá ti yan pépà dídán, kì í fọwọ́ kan tánkì dúdú. Àwọ̀ mẹ́ta yòókù, tí wọ́n jẹ́ dye, ló ń pò pọ̀ di dúdú. Èyí tó bá kọ́kọ́ ṣá nínú wọn ló ń sọ ọ́ di pupa tàbí àwọ̀ ewé.

Mo dọ́gbọ́n, mo yan "plain paper" (pépà lásán). Dúdú jáde lóòótọ́, àmọ́ kò wọ pépà dídán. Mo fi àtàǹpàkò kàn án, ó bá mi lọ. (Ẹ̀wù funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà o.)

Ẹ sàmì sára tánkì yín, kí ẹ tẹ fọ́tò tó dúdú dáadáa bíi 10. Bí dúdú ò bá lọ sílẹ̀, ẹ fowó yíǹkì yẹn pamọ́. Bó bá sì jẹ́ dye ni wọ́n ṣe príńtà yín fún, ẹ má da pigment sí i, ibi tí yíǹkì ń gbà jáde lè dí.

Irú príńtà Canon PRO-1000 ní dúdú pigment méjì: photo black fún pépà dídán, matte black fún èyí tí kò dán. Èmi ò tíì lówó rẹ̀. Fọ́tò tó bá máa gbé ara ògiri, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní i ni mò ń gbé e lọ.