Kí ni a lè ṣe nílé kí ẹ̀rín padà wọlé? Èsì fún Ìyá Ìbejì ní Manchester

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Manchester ni à ń gbé, 2022 la dé láti Ìbàdàn. Ìbejì ni àwọn ọmọ mi, Táyé ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òru ni iṣẹ́ mi sì máa ń bọ́ sí jù. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. A dúpẹ́, ebi ò pa wá, ilé ń móoru, àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa ní iléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wọ́n nínú ilé wa. Bí a bá ti wọlé, oúnjẹ, tábúlẹ́ẹ̀tì, ibùsùn, ó tán. Lọ́jọ́ kan Kẹ́hìndé bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé inú ń bí yín ni?" Inú ò bí mi o, ó kàn rẹ̀ mí ni. A ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ ká lè kó wọn lọ sí Disneyland ní Paris nígbà họlidé. Ọkọ mi ní ìyẹn ló máa mú inú wọn dùn. Lójú tèmi, ó yẹ kí nǹkan kan wà tí a lè máa ṣe nílé tí kò ní náni lówó púpọ̀. Kí lẹ̀yin ń ṣe ní tiyín?

Èsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú ọmọ. Ọlọ́run á wo Ẹ̀jìrẹ́ fún yín. Woolwich ní London ni èmi àti ìyàwó mi ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Àgbà nínú wọn ti wọ yunifásítì, àbíkẹ́yìn ṣì wà ní iléèwé gírámà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Disneyland kúrò nílẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá pé, tí kò sì ní kó yín sí gbèsè, ẹ lọ, àwọn ọmọ á gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan ni yóò gbà. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá, tí òjò ń rọ̀, tí ilẹ̀ ti ṣú kí àwọn ọmọ tó bọ́ aṣọ iléèwé, kò sí ohun tí Paris lè bá yín ṣe sí i. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ń béèrè nípa rẹ̀.

Nílé lọ́hùn-ún, ìdùnnú ló máa ń wá bá èèyàn. Aládùúgbò á kàn ṣàdédé wọlé, àbúrò ìyá á yà láti ọjà, ẹlẹ́kọ á polówó kọjá, iná á dé, gbogbo àdúgbò á hó yèè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀. Níbí, bí o kò bá pe èèyàn, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn rẹ bí kò ṣe ẹni tó gbé ẹrù wá. Nítorí náà, bí a ò bá fún ìdùnnú lọ́jọ́, ká fún un lákòókò bí a ṣe ń fún iṣẹ́, a óò máa sún un síwájú títí ọmọ á fi dàgbà kúrò nílé. Ẹ mú nǹkan kékeré kan, ẹ so ó mọ́ ọjọ́ kan, kí àwọn ọmọ sì ní iṣẹ́ tiwọn níbẹ̀. Ọmọ tó kàn jókòó tó ń wo òbí, kò ní pẹ́ padà sídìí tábúlẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ á dúró.

Nílé wa, àkàrà Sátidé ni. Àwọn ilé ìtajà wa níbí ń ta ẹ̀wà tí wọ́n ti bó sílẹ̀. Ẹ má ra ìyẹn. Ẹ ra ẹ̀wà tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, torí pé bíbó rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìgbà díẹ̀, kí èèpo rẹ̀ ṣáà ti rọ̀, kí ẹ wá gbé abọ́ ńlá kalẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Wọn á máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, èèpo á máa léfòó, wọn á rọra da omi rẹ̀ nù, wọn á tún bu òmíràn sí i. Omi á ta sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó ta. Èèpo á lẹ̀ mọ́ wọn títí dé ìgúnpá. Ìdí abọ́ yẹn sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde lẹ́nu ọmọ. Bí ẹ bá mú ọmọ jókòó, tí ẹ bi í pé báwo ni iléèwé, "ó dáa" lẹ máa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú omi ẹ̀wà, tójú rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ẹni tó jà, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń fi irun rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ó gbọ́ ẹni tó wù ú kó bá ṣọ̀rẹ́ àmọ́ tójú ń tì í láti bá sọ̀rọ̀. Ìdí ẹ̀wà la ti gbọ́ ohun tó ń dun ọmọ wa kejì, lẹ́yìn tí olùkọ́ rẹ̀ ti ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

Bí ẹ bá máa lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo àti àlùbọ́sà, omi ìwọ̀nba ni kẹ́ ẹ fi sínú bùlẹ́ńdà. Bó bá ti ṣàn, pẹlẹbẹ ni àkàrà máa jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ṣíbí onígi lé Táyé lọ́wọ́ kó máa pò ó, kó pò ó dáadáa títí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú rẹ̀, táá wú, táá sì fúyẹ́. Bí apá bá ń ro ó, Kẹ́hìndé á gbà á. Ìgbà tí epo bá ti gbóná tán ni kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Ẹ ṣí fèrèsé o, bí òtútù tiẹ̀ mú, kí aago èéfín má bàa ké. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, tí eteetí rẹ̀ ń ró kàràkàrà lẹ́nu, tó gbóná débi pé wọ́n á máa jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì, ẹ má sọ pé kí wọ́n dúró de tábìlì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró níbẹ̀. Ní tèmi o, àkàrà orí ìdúró dùn ju ti inú àwo lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ìbejì tún ní nǹkan kan tí àwa ò ní. Ẹ ò gbàgbé pé nílé, wọ́n máa ń se ẹ̀wà nítorí ìbejì, tí wọ́n á kó ọmọ àdúgbò jọ kí wọ́n wá jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí Táyé àti Kẹ́hìndé gbé àwo àkàrà kan lọ sílé aládùúgbò yín. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá nǹkan kan wà tí wọn kì í jẹ níbẹ̀, torí àwọn kan wà tí ẹ̀wà kì í bá lára mu. Ìyá àgbà òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kì í bá wa sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àkàrà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín wa. Èso ápù inú ọgbà rẹ̀ ló kó sínú àwo wa nígbà tó ń dá a padà. Lónìí, àbíkẹ́yìn wa ló ń bá a gbá ewé nílẹ̀ nígbà ìwọ́wé, ìyá náà á sì máa sọ ìtàn ìgbà ọmọdé rẹ̀ fún un. Ọmọ wa tó jẹ́ onítìjú máa ń bá ìyá yẹn rojọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi ò fojú kékeré wo àkàrà rárá. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun lọ sí Bàhíà ní Brazil, kò sí ohun tí wọn ò gbà lọ́wọ́ wọn tán, ṣùgbọ́n àkàrà ò bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọn. Títí dòní, ní ìgboro Salvador, epo pupa ni wọ́n ṣì fi ń dín in. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Aṣọ funfun ni obìnrin tó ń tà á máa ń wọ̀, á sì wérí. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Èmi gbà pé ohun tó bá àwọn yẹn la irú ìyà bẹ́ẹ̀ já tó nǹkan tí èèyàn ń torí rẹ̀ yọ àárọ̀ Sátidé sílẹ̀.

Ti ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́ wọn ní ayò. Ẹ ò nílò ọpọ́n láti ilé. Páálí ẹyin méjìlá tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní ihò mẹ́fà mẹ́fà ní ọwọ́ méjì, bí ọpọ́n ayò gan-an ló rí. Ẹ ka ẹ̀wà gbígbẹ mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó di 48. Ẹni tó bá kàn á kó gbogbo ọmọ inú ihò kan lọ́dọ̀ tirẹ̀, á máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, á yí gba ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, títí wọn á fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sílé ẹnìkejì, tó sì sọ ọmọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ jọ sójú kan títí á fi di odù, wọ́n á máa ṣọ́ra wọn. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mú ẹ̀fẹ̀ ìdí ayò mọ́ ọn. Lábẹ́ igi nílé, ọ̀ta á máa bú òpè, òpè ò sì gbọdọ̀ bínú. Bí ọmọ bá jẹ yín nínú ayò, tó ń pè yín ní òpè, ẹ gbà fún un, ibẹ̀ nìkan ló ti láyè ẹ̀. Ẹ̀rín tí mo gbọ́ nídìí páálí ẹyin nínú ilé wa, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ níbi tí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Ó tún dára fún yín pé méjì ni wọ́n. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru, wọ́n lè máa bá ara wọn ta á.

Ti oríkì ò gba àsìkò rárá. Ẹ bẹ ìyá àgbà wọn ní Ìbàdàn kó ki àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn títí dé oríkì ìdílé bàbá wọn, kó gbà á sílẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Kó má kánjú, kó má sì gé e kúrú. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fún wọn láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ iléèwé. Àbúrò bàbá mi ló ṣe é fún àwọn tiwa. Mo rí i bí ọmọ mi ṣe dá bọ́tìnì dúró, tó gbórí sókè, tó ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ni kò tíì yé e nígbà yẹn. Ó lóun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ dé iléèwé lọ́jọ́ náà, mi ò sì bá a wí.

Irun Kẹ́hìndé náà wà ńbẹ̀. Bó bá jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ ń dì í, ẹ máa pa àlọ́ ìjàpá fún un bẹ́ ẹ ṣe ń dì í, kí Táyé máa di òòyà àti òróró mú, kó máa gbè é. Ìyàwó mi ní irun kì í dun ọmọ tó bá ń gbọ́ àlọ́.

Ó ku ẹ̀yin fúnra yín. Ìyá Ìbejì, ẹ sùn. Ẹni tí kò sùn kò lè bá ọmọ rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ní Manchester yẹn, bó bá di àárín oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò ní lù kí oòrùn tó wọ̀, bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, aago mẹ́fà máa ń kọjá kó tó wọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Ara ti mọ tibẹ̀. Ẹ jáde síta díẹ̀ nígbà tí ojúmọmọ bá wà. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti ronú nípa vitamin D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, nígbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní ká ronú nípa lílo tiwa yípo ọdún. Bí àárẹ̀ náà bá sì wá dà bí ìbànújẹ́ tí kò lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún dókítà yín, ẹ má pa á mọ́ra.

Ẹ tún bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé èmi ni mò ń dín àkàrà nílé wa. Sátidé tí ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́, kí ẹ lọ sùn, kí ó máa bá àwọn ọmọ bó ẹ̀wà. Kẹ́ ẹ tó jí, epo á ti wà lórí iná. Ẹ má kó gbogbo ohun tí mo sọ yìí lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ fi àkàrà bẹ̀rẹ̀, kó mọ́ yín lára, kẹ́ ẹ tó mú ayò. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ dáadáa. Ẹ sì jẹ́ kí n gbọ́ ẹni tó jẹ́ ọ̀ta nínú Táyé àti Kẹ́hìndé.