Ṣé ilé ìkàwé ni ká kọ́ fún wọn ní Sàró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ Sàró ni wá nínú ẹgbẹ́ wa l'Ékòó. Láti Freetown ni àwọn baba ńlá wa ti padà wálé. A ti dá owó jọ láti ran ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́ ní Sierra Leone, nítorí ohun tí ogun bà jẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ní ká kọ́ ilé ìkàwé, àwọn kan ní ká kó ìwé ránṣẹ́. Ọkùnrin kan sì ní òun lè bá wa gba ìwé àṣẹ yunifásítì tuntun láàárín oṣù mẹ́fà. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Àjọ tó ń mójú tó irú ọ̀rọ̀ báyìí níbẹ̀ ni Tertiary Education Commission, òfin ọdún 2001 ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, owó yín ló ń wò. Mo ti rí irú wọn lẹ́yìn ogun: ilé alájà kan, pátákó gàgàrà, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ tí ogun ti gba ìgbà èwe lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bí mi nínú títí dòní.

Lẹ́tà bíi tiyín ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, èrò kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn: ilé ni ogun wó, nítorí náà ilé ni ká kọ́. Ẹ̀yin ará mi, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Njala. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ní 1964. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1991; ní 1995 àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ya wọ inú ọgbà náà, tolùkọ́ takẹ́kọ̀ọ́ sá lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ẹ̀kọ́ lọ títí ogun fi parí ní 2002. Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí kò ní oko mọ́, síbẹ̀ kò kú, nítorí àwọn tó ń kọ́ni ṣì wà. Ẹ wá wo ilé àtijọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní àdúgbò Cline Town ní Freetown, ilé olókùúta pupa tí iná jó ní 1999. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró gbọin, kò sẹ́ni tó ń kàwé níbẹ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther tiwa wọ Fourah Bay ní 1827, wọn kò tíì fi òkúta kan lé èkejì ní ibi tí ilé yẹn wà.

Ohun tí ogun já ni okùn tó so olùkọ́ àgbà mọ́ olùkọ́ kékeré. Ká tó rí ọ̀mọ̀wé kan, ó tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá láti oyè àkọ́kọ́. Ogun ọdún mọ́kànlá wọ àárín rẹ̀: àwọn àgbà gba London àti Amẹ́ríkà lọ, àwọn tó yẹ kó rọ́pò wọn kò rí ẹni tó máa kọ́ wọn. Bí àlàáfíà bá dé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè àkọ́kọ́ ni yóò máa kọ́ ẹni tó ń wá oyè àkọ́kọ́. Ilé ìkàwé kò lè so okùn yẹn.

Ní ti ìwé, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí kọ̀ǹténà kan ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Òórùn ọ̀rinrin ló kọ́kọ́ pàdé wa. Páálí tó wà lókè pátápátá, ìwé owó orí Amẹ́ríkà ló kún inú rẹ̀, ẹ̀dà kan náà. Ìyá tó ń mójú tó ilé ìkàwé ń fi etí ìró rẹ̀ nù wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń to ẹja. Ó ní owó tí àwọn san ní èbúté kí wọ́n tó gba ẹrù náà ì bá ra gbogbo ìwé kẹ́mísírì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè.

Ilé tún máa ń jẹun: epo jẹnẹrétọ̀, òrùlé tó ń jò, owó ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ. Ta ni yóò máa san án bí ẹ bá ti ya fọ́tò tán? Ní 2017, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ogun, àwọn olùkọ́ Njala daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tú síta ní ìlú Bo.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ mú olùkọ́ kékeré méjì tàbí mẹ́ta tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ gbé wọn dé oyè ọ̀mọ̀wé. Kí wọ́n má fi iṣẹ́ sílẹ̀: oṣù mẹ́ta mẹ́rin lọ́dún lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, ìyókù nílé, kí ìwádìí wọn sì jẹ́ lórí ìrẹsì àbàtà wọn tàbí ibà Lassa tó ń yọ ìlú Kenema níbẹ̀ lẹ́nu. Ẹ má kó wọn lọ London. Ọ̀pọ̀ kì í padà, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ pín owó náà sí ọdún márùn-ún, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún kẹ́míkà lábù àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń rántí ẹni yẹn.

Òfin yunifásítì máa ń yí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba irú ètò bẹ́ẹ̀. N kì í ṣe lọ́yà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kan ní Freetown ka àdéhùn yín kí owó tó kúrò ní báńkì.

Àti pé bí ẹ bá ń kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹ má bi í pé kí ló fẹ́, gbọ̀ngàn ni yóò ní òun fẹ́. Ẹ bi í pé nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, ta ló fẹ́ kó jókòó sórí àga òun ní ogún ọdún sí i.