Wòlíì náà ríran sí mi: ṣé kí n san owó tó ní kí n mú wá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ pásítọ̀, ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń wá ọmọ. Ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan. Ó dárúkọ ìyá mi, ó ní oyún ti bà jẹ́ mọ́ mi lára rí, òótọ́ sì ni. Ó ní kí n mú ₦150,000 wá fún àdúrà ìtúsílẹ̀, kí ọkọ mi má gbọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ríran lóòótọ́?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ṣùgbọ́n bóyá ó ríran tàbí kò ríran kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Ní Fílípì, ọmọbìnrin kan tó ní ẹ̀mí àfọ̀ṣẹ ń tẹ̀ lé Pọ́ọ̀lù àtàwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kiri, ó ń kígbe pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run Ọ̀gá Ògo ni wọ́n. Irọ́ wo ló pa? Kò pa rárá. Síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù lé ẹ̀mí náà jáde, inú sì bí àwọn ọ̀gá tó ń fi ọmọ náà pawó. Deutarónómì 13 tiẹ̀ ní àmì tí wòlíì sọ lè ṣẹ, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn òrìṣà ló ń fà yín lọ. Kí ẹnì kan mọ àná yín kò ní kó jẹ́ Ọlọ́run ló rán an. Ọ̀rẹ́ yín náà ṣáà mọ orúkọ ìyá yín. Mi ò ní òun ló sọ fún un o, mi ò sí níbẹ̀.

Ní ti owó, wòlíì Èlíṣà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Náámánì, adẹ́tẹ̀ tó rí ìwòsàn nípasẹ̀ rẹ̀. Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, tó sá tẹ̀ lé Náámánì lọ gbà á, ẹ̀tẹ̀ ló gbé wálé. Lóṣù tó kọjá, arábìnrin kan fi bébà pélébé kan tí wòlíì kan fún un hàn mí: abẹ́là méje, lọ́fínńdà kan, ₦80,000, ìwẹ̀ òru. Orúkọ wòlíì náà fúnra rẹ̀ ló wà lára àkáǹtì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, kì í ṣe ti ìjọ.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín ni "kí ọkọ mi má gbọ́." Ẹ má padà síbẹ̀. Ẹ wá pásítọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ àtàwọn alàgbà lè bá wí, tó máa ṣí Bíbélì fún ẹ̀yin àti ọkọ yín lójú mọmọ. Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ẹ sọ̀rọ̀ oyún yẹn fún dókítà, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ ṣàyẹ̀wò, torí ohun tó ń fa àìrọ́mọbí lè wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin.