Ẹ kọ nọ́ńbà sára àpáàdì yẹn kí ẹ tó ronú kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ béèrè pé ètò kọ̀ǹpútà wo ló dára jù fún àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀ àti àjákù ère amọ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi sílẹ̀ sí yàrá kan ní gbọ̀ngàn ìlú yín, kí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun lè máa rí wọn. Excel, ètò tí a fi ń to nǹkan sí ìlà-ìlà, tó. Ohun kan, ìlà kan. Ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé ẹlòmíràn. Ìyẹn ò le rárá.

Ibi nọ́ńbà ohun kọ̀ọ̀kan, tó so ó mọ́ ìlà rẹ̀, ni wàhálà wà. Èmi àti àwọn olùkọ́ kan tọ́jú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí nínú sítọ́ọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan. Àwọn tó wa ilẹ̀ ti lọ tipẹ́. Wọ́n kó àpáàdì sínú páálí, wọ́n kọ orúkọ kòtò àti bó ṣe jìn tó sórí ìwé pélébé, wọ́n jù ú sínú páálí, ó parí. Ni ikán bá wọlé. Ikán kì í jẹ àpáàdì, ìwé ló jẹ. Nígbà tí a ṣí i, àpáàdì pé, àmọ́ kò sí èyí tí a lè sọ ibi tó ti wá. Ìdí àwọn páálí kan tún ti jábọ́, ẹni tó ń gbálẹ̀ sì ti kó èyí tó dà sílẹ̀ sínú páálí tó bá sún mọ́ ọn. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? A jókòó sórí ẹní, à ń wo àwọ̀ erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, à ń bá ara wa jiyàn pé ti kòtò yìí ni àbí tọ̀hún. Ìwé tí wọ́n kọ nígbà ìwalẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó darí iṣẹ́. A kọ lẹ́tà títí, èsì tí a rí ni pé kí a lọ kọ lẹ́tà sí ẹlòmíràn. Ọ̀mọ̀wé kan tiẹ̀ wò ó, ó ní àpáàdì lásán ni. Àpáàdì lásán tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá ní Ifẹ̀ láyé àtijọ́, tó ṣì wà níbẹ̀ dòní!

Kí ni kòtò fẹ́ ṣe fún wa? Ẹ wo àpáàdì tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí lára kí wọ́n tó sun ún. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, Columbus, atukọ̀ tó ṣí ọ̀nà ibẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù, ò sì dé ọ̀hún ṣáájú 1492. Bí irú àpáàdì yẹn bá wà nísàlẹ̀ kòtò, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì dà rú, gbogbo ìpele erùpẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò lè pẹ́ ju ìgbà náà lọ. Bí ẹ ò bá mọ kòtò àti ìpele, ọnà ara ìkòkò nìkan lẹ ń wò.

Nítorí náà, ara ohun náà ni kí nọ́ńbà wà. Ẹ fi Paraloid B-72, oje mímọ́ gaara tí àwọn mùsíọ́mù ń lò, tí a pò mọ́ acetone, omi tó ń tú ọ̀dà, kun ojú kékeré kan ní inú àpáàdì, kì í ṣe ojú tó ní ọnà. Bó bá gbẹ, ẹ fi tádàwà dúdú kọ nọ́ńbà wínníwínní, kí ẹ tún kùn ún lé e. Acetone yóò tú u bí ẹ bá fẹ́ yí i padà. Ẹ ṣí fèrèsé o, ẹ má dáná nítòsí, ó ń gbiná kíákíá. Ẹ má fi ọ̀dà èékánná ṣe é, ẹ má sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Ìlẹ̀kẹ̀ àti amọ̀ tó ń rún, inú ọ̀rá kékeré ni kí wọ́n wà, kí nọ́ńbà wà lára ọ̀rá.

Fọ́tò, ẹ mọ̀ ọ́n yà. Ẹ fi rúlà àti nọ́ńbà sínú rẹ̀. Ẹ ṣáà ya ibi tó ṣẹ́ tàbí tó sán dáadáa, torí orí amọ̀ méjì lè jọra, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ kì í jọra. Àwọn kan wá láti ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé orí amọ̀ tó dára jù lọ́dọ̀ wa lọ fún ìtọ́jú. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀. Nígbà tí a béèrè rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ èyí tí à ń sọ. Ìgbà tí a gbé fọ́tò etí ọ̀tún rẹ̀ tó ṣẹ́ síwájú wọn ni ohùn yí padà. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun jáde láìsí rìsíìtì tó ní nọ́ńbà, orúkọ àti ọjọ́, ìbáà ṣe ọba ló ránṣẹ́. Wọ́n jí orí idẹ Ifẹ̀ kan ní mùsíọ́mù Jos ní 1987, Yúróòpù ló ti tún yọjú. Mùsíọ́mù ìjọba mà nìyẹn, ká má tíì sọ gbọ̀ngàn ìlú.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ kún un o. Òfin 1979 tó dá àjọ mùsíọ́mù sílẹ̀ kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà bóyá nǹkan ojúbọ wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ará ìta rí. Ẹ pa location inú fóònù kí ẹ tó ya fọ́tò, torí ó máa ń kọ ibi tí ẹ wà pamọ́ sínú fọ́tò, àwọn tó ń ra ère lóru sì mọ̀ ọ́n kà. Orúkọ ìlú tó fún gbogbo ayé. Orúkọ kòtò àti oko tó wà, inú rẹ́jísítà tí ẹ tì pa ni kó máa gbé.